Ẹ̀rọ Tí Adauto Gbé Lọ Sílé Àna

Kí ẹni tí kò bá tíì jókòó ti àṣìṣe ara rẹ̀ pẹ́ má ṣe yára dá Adauto lẹ́jọ́. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ṣe é kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìbá sàn ká ní àìmọ̀kan ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí Ivanise kọ́kọ́ dúró níwájú àtẹ rẹ̀ ní òpópónà Santa Ifigênia ní São Paulo, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n ti fẹ́ rẹ́ jẹ ní àtẹ méjì ṣáájú.

Ó ní, "Ẹ káàsán. Kọ̀ǹpútà àǹtí mi kò tan mọ́. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ló kú. Mo fẹ́ ra òmíràn."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ọmọ aládùúgbò wa."

"Ṣé ó tú u?"

"Rárá. Ó gbá a létí."

Adauto kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo obìnrin náà dáadáa. "Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá."

"Ẹ ò fẹ́ tajà ni?"

"Mo fẹ́ tà. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹ padà wá bú mi ni."

Nígbà tó gbé e wá lọ́jọ́ kejì, àpótí iná ló bàjẹ́, ìyẹn àpótí irin kékeré tó ń gba iná láti ara ògiri, tó sì ń pín in fún gbogbo ara ẹ̀rọ. Adauto mú àpótí iná tuntun méjì, ó gbé ọ̀kan lé e ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó gbé ìkejì lé òsì.

"Èwo ló wúwo?"

"Èyí."

"Ẹ wo èyí tó fúyẹ́ yẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára pọ̀ ju ti ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀."

Ivanise ní, "Mo mọ àwọn ọkùnrin kan tó rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ti gbé wọn wò lọ́wọ́ ni?"

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Adauto wá ń sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ, bí ọkùnrin tí obìnrin bá rẹ́rìn-ín sí ṣe máa ń ṣe. Ó ṣàlàyé fún un pé gbogbo oníbàárà ló ń bèèrè mọ́dábọ́ọ̀dù, nítorí òun ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, òun ni wọ́n sì ń fi yangàn fún ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè àpótí iná. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí iná tí kò dára ló máa ń pa mọ́dábọ́ọ̀dù tó dára.

Ivanise pa dà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ohun tó bàjẹ́.

Wọ́n ń rí ara wọn ní ọjọ́ Àìkú. Ivanise ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Nélia, tó ń ránṣọ ní àdúgbò Penha. Recife ni wọ́n ti wá, ìrìn ọjọ́ méjì nínú bọ́ọ̀sì sí apá òkè orílẹ̀-èdè náà. Adauto kò dé ibẹ̀ rí. Ìgbèríko São Paulo ni wọ́n bí i sí, kò sì kúrò ní ìpínlẹ̀ náà rí láyé rẹ̀.

Nígbà tó tó ọdún kan, Ivanise sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Bàbá Abdias, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bèèrè iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Ó sọ fún un. Ohùn bàbá náà kò sókè.

"Mi ò rán ọ lọ sí São Paulo láti lọ fẹ́ ẹni tó ń pàtẹ. Ọlọ́pàá lè kó àtẹ lọ lọ́la. Kí ni ẹ máa jẹ lọ́túnla?"

Ivanise sunkún. Adauto fẹ́ gba fóònù, Àǹtí Nélia sì gbá a lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀. Ta ló kọ́ ọ pé èèyàn ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí fóònù? Jókòó, mu kọfí."

Ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi le bí òkúta," Àǹtí Nélia ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, "ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ti rọ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ló ti ń wọn òjò. Ó ri ìgò kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí òjò bá rọ̀, á lọ wò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó wọn òjò lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn ìwé náà ti tó ogójì, ikán sì ti ń jẹ wọ́n. Ó ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò dà wọ́n sí, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó ń tà á."

"Kí n rà á fún un?"

"Ẹni tó bá lówó lè rà. Ìwọ to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ tò ó, kó o gbé e lọ. Èmi á sọ fún un pé ò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Kò ní lé àlejò ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde."

Bí Adauto ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀yà jọ nìyẹn. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ohun gbogbo rọrùn títí tó fi ku mọ́dábọ́ọ̀dù àti àpótí iná. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ra mọ́dábọ́ọ̀dù tó dára jù àti àpótí iná tó dára jù pa pọ̀.

Ó tò wọ́n sórí àtẹ níwájú Ivanise ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ọjà ti ń tú. Mọ́dábọ́ọ̀dù méjì: ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ìkejì gbòòrò, ihò mẹ́rin tí wọ́n ń ki ìrántí ẹ̀rọ bọ̀ ló ní, wọ́n sì ṣe ojú rẹ̀ rèǹtè-rente. Àpótí iná méjì pẹ̀lú: àwọn méjèèjì wúwo, ojúlówó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè gba iná ìlú èyíkéyìí fúnra rẹ̀. Ìkejì ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan lẹ́yìn, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tì sí apá kan tàbí sí èkejì. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, iná ìlú kan kì í ṣe iná ìlú kejì. Iná Recife fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti São Paulo, bọ́tìnnì náà ló sì ń sọ fún àpótí èyí tó máa gbà.

Ivanise ní, "Ra mọ́dábọ́ọ̀dù kékeré, kó o ra àpótí iná tó ń yí ara rẹ̀ padà. Òjò lásán ni bàbá mi fẹ́ kọ sí i."

"Mi ò lè gbé mọ́dábọ́ọ̀dù ẹni gbogbo lọ bá bàbá rẹ."

"Ṣé ó máa ṣí i wò ni?"

"Bí ó bá ṣí i ńkọ́?"

"Bí ó bá ṣí i, á rí irin àti wáyà. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni, Adauto."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ńlá ló mú, àti àpótí iná oníbọ́tìnnì pupa. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ti ń ṣe ohun tí àwọn oníbàárà tí òun máa ń bá wí ń ṣe. Ó ní òun kì í ṣe oníbàárà.

"Bọ́tìnnì yẹn ńkọ́?" Ivanise bèèrè. "Ṣé kí n máa rán ọ létí?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ivanise bá a di ẹ̀rọ náà sínú páálí.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, Adauto gbé páálí náà lé orí itan rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìrìn náà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí wọ́n dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Bàbá Abdias dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ga, ó gbẹ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì sọ ju "Ẹ kú ìrìn" lọ.

Wọ́n jẹ ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jẹun, bàbá náà ń da ìbéèrè bò ó.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, Bàbá. Awakọ̀ ni."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Mo parí girama."

"Kí ló dé tí o kò tẹ̀ síwájú?"

"Ẹni tí ìbá san án ló kú yẹn, sà."

Bàbá Abdias fi àmúga rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì bu ẹja sí i lójú àwo. Ivanise rí i. Ó tẹ ẹsẹ̀ Adauto lábẹ́ tábìlì, torí kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ bu oúnjẹ fún rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n bọ́ sí yàrá àlejò. Àwọn ìwé òjò ti wà lórí tábìlì, ogójì, wọ́n nù wọ́n mọ́. Àwọn aládùúgbò méjì wọlé láti wá wòran. Adauto gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó so wáyà kan mọ́ òmíràn. Ó ń gbọ́ ìmí bàbá náà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ wà lórí ẹja tí ó bù fún un.

Ivanise rọra pè é láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Adauto, ṣé o ti..."

Kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Ó ki wáyà bọ ògiri, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìró rẹ̀ kò ju ti ìbọn ọmọdé lọ. Iná ilé kú. Èéfín funfun tín-ín-rín gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà jáde, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Obìnrin aládùúgbò kan ké Jésù. Adauto ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí èéfín tó dé òkè. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti bọ́tìnnì pupa náà sí apá ibi tí ìbá ti wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló dìde. "Iná ilé yìí ni, Bàbá," ó sọ bẹ́ẹ̀. "Wáyà inú ògiri yín ti gbó. Ọlọ́run ló yọ yín, ilé ni ìbá jó."

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, òtítọ́ á lé irọ́ bá. Ti Adauto kò rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ti wà níbẹ̀ kí irọ́ tó dé. Nígbà tó gbójú sókè, Ivanise ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ife omi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní àtàǹpàkò Adauto.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà, wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n sọ̀rọ̀ oòrùn. Wọn kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ohun tí Adauto kò retí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Abdias fúnra rẹ̀ ló pe fóònù, ó ní kí wọ́n fún òun ní Adauto.

"Ọmọ mi, mo ti tú wáyà yàrá àlejò. Òótọ́ lo sọ. Ara rẹ̀ ti bó. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé yìí ni mi ò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo máa tú ti yàrá yòókù."

"Bàbá, ẹ má ṣe é fúnra yín."

"Ta ló máa ṣe é? Mo ní àkàbà. Gbọ́, ọmọ mi. Mo sọ ohun kan nípa rẹ tẹ́lẹ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Ẹni tó bá gba ilé lọ́wọ́ iná kì í ṣe ẹni tí à ń lé. Máa bọ̀ ní oṣù kẹfà, ní iná àjọ̀dún São João, ká jókòó sọ̀rọ̀."

Àǹtí Nélia pàtẹ́wọ́, ó ń jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká. "Mo sọ fún ọ, àbí mi ò sọ? Òkúta ti yọ́!"

Ivanise kò jó. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé títí àǹtí rẹ̀ fi lọ gbé kọfí, ó wá bèèrè lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá mi ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, Adauto. Orí àkàbà ló wà lánàá. Ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ fún un?"

Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti pè é ní ọmọ mi, kò sì tíì sí ọkùnrin tó pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá tirẹ̀.

Ó ní, "Wáyà yẹn gbó lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀."

Ivanise mi orí. "Ó dáa."

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní òun ń lọ sílé láti lọ ran bàbá òun lọ́wọ́. Ó kó aṣọ díẹ̀. Adauto sìn ín dé ibùdókọ̀, ó sì rò pé oṣù kan ni.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè é. Ó ń bi í bí iṣẹ́ wáyà ṣe ń lọ, ó ń sọ fún un nípa àtẹ rẹ̀, nípa ilé oníyàrá méjì tí òun rí ní Penha. Ivanise á fetí sílẹ̀. Tí Adauto bá sọ̀rọ̀ tán, Ivanise á dúró díẹ̀ lórí fóònù, bí ẹni pé ó ṣì ku nǹkan. Adauto á ní ó dàbọ̀. Ìgbà méje ni, ó kà á lẹ́yìn náà. Ìgbà méje ló dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, Àǹtí Nélia ń wọn kóòtù ìgbéyàwó fún un, ó sọ láìronú pé, "Ivanise kò gba kí n ran aṣọ tirẹ̀. Ó ní ká ní sùúrù. Kí lẹ ṣe fún ara yín?" Adauto bọ́ kóòtù náà sílẹ̀. Àjọ̀dún ku ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, kò sì gbé ohunkóhun dání.

Ó bá Bàbá Abdias lẹ́yìnkùlé, ó sọ fún un lórí ìdúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀: bọ́tìnnì, èékánná, irọ́.

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún egbò sìmẹ́ńtì.

Ó wá ní, "Ní ọdún 1971, mo gbé rédíò ìyàwó mi láti Salvador wá síbí. Iná ibẹ̀ kéré sí tibí. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri, ó bú. Gbogbo ará ilẹ̀ yìí tó bá ti kó láti ìlú kan lọ sí òmíràn ló ti jó nǹkan kan. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá rẹ́rìn-ín ni, ọmọ mi. Ǹ bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ní tèmi, mo ti gbọ́. Lọ bá a."

Ivanise ń bó àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wọ́n tò jọ fún iná àjọ̀dún. Kò dìde.

"O ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o bínú sí mi?"

"Mo bínú tẹ́lẹ̀. Ó ti tán." Ó gbé àgbàdo tó bó sílẹ̀, ó mú òmíràn. "Èmi ni mo ń di àkàbà mú fún un, Adauto. Tó bá ti gbẹ́ ògiri díẹ̀, á ní, 'Ọmọkùnrin yẹn gba ilé yìí lọ́wọ́ iná.' Èmi á ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.' Lójoojúmọ́. Mi ò purọ́ fún bàbá mi rí kí n tó mọ̀ ọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Torí ìwọ ló ni ín láti sọ. Mo ń pa orúkọ rẹ mọ́ fún ọ. Mo ń retí rẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú."

"Mo ti wá báyìí."

"O ti wá." Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ. Má bi mí ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí o bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ ni màá máa wò. Mi ò lè fi ìyẹn ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi wá tan iná àjọ̀dún náà. Bàbá Abdias bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, òun tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Àǹtí Nélia pè láti São Paulo, ó bú u, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ivanise fi ẹnu ko Adauto ní iwájú orí, ó sì wọlé.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Ivanise fẹ́ ọkùnrin nọ́ọ̀sì kan ní Recife. Adauto fẹ́ Odete, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó jẹ́ ọkọ rere fún un. Kò purọ́ fún un rí, kódà lórí ohun tí irọ́ kékeré ìbá ti tù ú nínú. Odete rò pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, ó sì máa ń sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọkọ òun le, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tàn.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ń jẹun ọ̀sán nígbà tí fóònù dún. Àǹtí Nélia ni, ó ti di arúgbó, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́. Ó ní Ivanise ti kú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Adauto dúpẹ́ pé ó pe òun. Ó jókòó padà sídìí oúnjẹ, ó sì ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló kú?" Odete bèèrè.

Ó sọ fún un, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí àtẹ títí dé ibi iná àjọ̀dún. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Oúnjẹ ti tutù nígbà tó parí.

Odete wo ojú rẹ̀. "Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣé o ṣì fẹ́ràn rẹ̀?"

Ó mọ ìdáhùn tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ni, pé kò sí ẹni tó kù láyé tó lè mọ̀ pé irọ́ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn.

Odete dìde, ó kó àwo méjèèjì, ó sì lọ sí ilé ìdáná. Adauto gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó ń ṣàn, ó ń ṣàn, ó pẹ́ ju èyí tí àwo méjì gbà lọ, Adauto kò sì ní ìgboyà láti dìde lọ wo ìyàwó rẹ̀.